Dìgírì Òfin Orí Ayélujára: Ṣé Yóò Gbé Ọmọ Ayétòrò Dé Iwájú Adájọ́?

Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìgbókọ̀dá tí a dorí kọ gúúsù, omi ni ọ̀nà, omi ni oko, omi náà ni ọjà. Lẹ́nu òkun gan-an ni Ayétòrò wà, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní oṣù kìíní ọdún 1947. Aládùúrà ni wọ́n, wọ́n sì wá ibi tí wọn yóò ti bọ́ lọ́wọ́ inúnibíni. Àpò kan náà ni wọ́n jọ ń ná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó àpapọ̀ yìí ni wọ́n fi kọ́ ilé, ilé ìwé àti ilé iṣẹ́, títí tí àwọn àlejò fi ń pe ìlú náà ní "Happy City", Ìlú Aláyọ̀.

Lónìí, òkun ti gba apá púpọ̀ nínú ìlú náà. Ilé ti lọ, ṣọ́ọ̀bù ti lọ, àní ibi tí wọ́n sin àwọn òbí wọn sí pàápàá ti di ilé ẹja. Ní ọdún 2004 ni àjọ NDDC kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ìdáàbòbò etíkun náà fún agbaṣẹ́ṣe. Iṣẹ́ náà kò parí, ṣùgbọ́n omi kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Ìlú tí ó wà ní irú ipò yìí nílò ọmọ tí ó mọ òfin. Ta ni yóò ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí wọ́n pa tì? Ta ni yóò béèrè owó gbà-má-bínú nígbà tí epo bá dà sínú omi? Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé àwọn ọ̀dọ́ kan ní etíkun náà ń lálàá láti di lọ́yà. Ohun tí ó ń dí wọn lọ́wọ́ ni ọ̀nà. Fásitì ìjọba tí ó wà ní Òkìtìpupa, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka òfin ní fásitì ìpínlẹ̀ Oǹdó yóò gòkè lọ sí Àkùngbá Àkókó, ní ìpẹ̀kun kejì ìpínlẹ̀ náà. Yóò háyà ilé, yóò fi ẹja pípa sílẹ̀, yóò sì fi àwọn òbí sílẹ̀ pẹ̀lú òkun tí ó ń kan ilẹ̀kùn wọn.

Níbi tí ó ti ń ronú báyìí ni ìpolówó yóò ti yọ lójú fóònù rẹ̀ pé: ka òfin láti inú ilé rẹ, gba LL.B. rẹ lórí ayélujára. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé e ni èyí: bí mo bá gba dìgírì náà tán, ṣé wọn yóò jẹ́ kí n dúró níwájú adájọ́?

Kọ́kọ́rọ́ méjì ni, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà

Dìgírì òfin yàtọ̀ sí àṣẹ láti ṣiṣẹ́ agbẹjọ́rò. Fásitì ni í fúnni ní dìgírì, àjọ NUC ni í sì fọwọ́ sí i pé fásitì lè kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n LL.B. nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di lọ́yà ní Nàìjíríà. Ẹni tí ó gbà á gbọ́dọ̀ wọ Law School ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí òfin ọdún 1962 dá sílẹ̀, tí olú ilé rẹ̀ sì wà ní Bwari lẹ́bàá Àbújá lónìí. Ó gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Body of Benchers, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin, yóò pè é sínú iṣẹ́, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé àkọsílẹ̀ àwọn agbẹjọ́rò ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ.

Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà Law School ni Council of Legal Education, ìgbìmọ̀ tí ń mójútó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfin. Ìgbìmọ̀ yìí ni í pinnu fásitì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lè wọlé, òun náà ni í sì pinnu iye ọmọ tí fásitì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́. Fásitì lè ní àṣẹ NUC lọ́wọ́, kí ó sì máà ní ti ìgbìmọ̀ yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì ni yóò mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti korò tó.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ lára NOUN

Àwọn tí ó bọ́ sí àárín yìí pọ̀, ìtàn wọn kò sì tíì pẹ́. Ní ọdún 1983 ni ìjọba Shehu Shagari dá National Open University, tí a ń pè ní NOUN, sílẹ̀ kí ẹni tí iṣẹ́ tàbí ọ̀nà jíjìn kò jẹ́ kó lọ sí fásitì lè kàwé láti ibi tí ó wà. Kò pé ọdún kan tí ìjọba ológun fi ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 1984. Ọdún 2001 ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ tó tún un ṣí, òun fúnra rẹ̀ sì di akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò lórí àléfà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn.

NOUN ní ẹ̀ka òfin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wọlé sí i. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú wọn, olùkọ́ wà, ìyá ọlọ́mọ wà. Wọ́n kàwé títí tí wọ́n fi gba LL.B. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Law School, ilẹ̀kùn kò ṣí. Ohun tí àwọn tí ó ń ṣọ́ ọ̀nà ń tọ́ka sí ni pé ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn, èyí tí òfin tí ó dá fásitì náà sílẹ̀ so pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ tí a ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, kò bá ìlànà ẹ̀kọ́ òfin mu. Àwọn tí ó gboyè fẹ̀hónú hàn, wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Fásitì náà dá gbígba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sí ẹ̀ka òfin dúró.

Oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí àtúnṣe òfin NOUN, pé kí fásitì náà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn fásitì yòókù. Síbẹ̀, àtúnṣe yẹn kò sọ pé kí gbogbo wọn wọ Law School ní ọjọ́ kejì. Ìlànà àfikún ẹ̀kọ́ ni wọ́n là sílẹ̀ fún àwọn tí ó ti gboyè tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè wọlé.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ dáadáa. Ìjọba ni ó ni fásitì náà, kì í ṣe ayédèrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kò gba òjìji, wọ́n ṣe ìdánwò wọn. Ohun tí ó dá wọn dúró ni pé àdéhùn kò sí láàárín ẹni tí ó ń fúnni ní dìgírì àti ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iṣẹ́. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ fásitì ìjọba àpapọ̀, mélòó mélòó ni ẹni tí ó san owó fún ilé ẹ̀kọ́ tí ó mọ̀ lójú fóònù nìkan?

Àwọn baba wa kàwé láti òkèèrè rí

Kíkàwé láti ọ̀nà jíjìn kò bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ń gba ẹni tí kò gbé ní ìlú náà láàyè láti ṣe ìdánwò dìgírì rẹ̀. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jàǹfààní ètò yìí: ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà ni ó ti ka ẹ̀kọ́ ìṣòwò títí tí ó fi gba dìgírì B.Com. Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó kan òfin, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba ní ọdún kan náà. Inner Temple ni wọ́n ti pè é sínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò ní ọdún 1946.

Kí ló dé tí ó fi lọ? Ìdí ni pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òfin ní Nàìjíríà nígbà náà, àwọn ilé amòfin ní Lọ́ńdọ̀nù sì fẹ́ rí akẹ́kọ̀ọ́ lójúkojú. Wọ́n a máa béèrè pé kí ó wá jẹun alẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà iṣẹ́ náà ní iye ìgbà tí wọ́n là sílẹ̀ kí wọ́n tó lè pè é. Ọ̀nà kan náà ni Christopher Sapara Williams, ọmọ ìdílé Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Sàró, ti tọ̀ ṣáájú kí ó tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè sí iṣẹ́ náà ní ọdún 1879.

Ìtàn Nelson Mandela tún fi ìyàtọ̀ náà hàn láti ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1952 ni òun àti Oliver Tambo ti ṣí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ní Johannesburg, nítorí pé ó ti ṣe ìdánwò tí iṣẹ́ náà ń béèrè. Kò ní LL.B. nígbà náà. Láti inú àtìmọ́lé ni ó ti parí rẹ̀ pẹ̀lú UNISA, fásitì ọ̀nà jíjìn ti Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1989. Ó ṣe lọ́yà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gba dìgírì. Àwọn ọmọ NOUN gba dìgírì, wọn kò sì lè ṣe lọ́yà. Ẹni tí ó bá fi àwọn ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò rí i pé dìgírì àti àṣẹ iṣẹ́ kì í ṣe ìbejì.

Bí ó ti rí ní ilẹ̀ òkèèrè

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní òfin tirẹ̀. California gba ẹni tí ó ka òfin lórí ayélujára láàyè láti ṣe ìdánwò agbẹjọ́rò, kódà bí ilé ẹ̀kọ́ náà kò bá ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn amòfin Amẹ́ríkà, ABA. Ṣùgbọ́n bí California fúnra rẹ̀ kò bá tíì fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò kan lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́. Dìgírì kan náà yìí kò ní jẹ́ kí ó jókòó fún ìdánwò ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù. Concord, ilé ẹ̀kọ́ òfin àkọ́kọ́ tí ó wà lórí ayélujára pátápátá níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998. Òun ni a mọ̀ sí Purdue Global Law School lónìí. Ọdún 2024 ni ìpínlẹ̀ Indiana, níbi tí Purdue fìdí kalẹ̀ sí, tó yí ìlànà rẹ̀ padà kí àwọn tí ó jáde níbẹ̀ lè ṣe ìdánwò agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ni ó ń fojú sun New York. Ìpínlẹ̀ yẹn lè gba ẹni tí ó ka òfin ní ilẹ̀ òkèèrè láàyè láti ṣe ìdánwò lẹ́yìn tí ó bá gba LL.M. ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ìlànà rẹ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó nínú kíláàsì náà, kì í ṣe nídìí kọ̀ǹpútà ní Ìgbókọ̀dá. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 2021, ìdánwò SQE ni ẹni tí ó fẹ́ di solicitor ń ṣe. Dìgírì tí ó ní kò pọn dandan kí ó jẹ́ ti òfin, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, kí ó sì yege nínú ìdánwò náà. Ohun kan náà ni gbogbo ìlànà wọ̀nyí ń sọ fún wa: ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ni ẹ ó ti béèrè ohun tí ó yẹ kí ẹ kà.

Ẹ̀tọ́ wà ní ọ̀tún, ẹ̀tọ́ wà ní òsì

Àwọn tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ yìí ní ìdí tí wọ́n fi ń ṣọ́ra. Ẹ̀mí àti ilẹ̀ àwọn ènìyàn ni agbẹjọ́rò ń gbé lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì dìde sọ̀rọ̀ níwájú olùkọ́ rẹ̀ rí, tí kò tíì bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí ẹjọ́, lè pàdánù ilẹ̀ ìdílé kan nítorí pé ó gbàgbé ọjọ́ tí ó yẹ kí ó kọ̀wé. Bí a bá ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, aráàlú tí kò mọ̀ ni yóò jìyà rẹ̀.

Síbẹ̀, ayé ti yí padà, ilé ẹjọ́ pàápàá ti yí padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó kan gbé ìdájọ́ ikú kalẹ̀ lórí Zoom. Ní oṣù keje ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ kò gbà láti ka ìgbẹ́jọ́ orí ayélujára sí ohun tí kò bá òfin mu. Bí a bá lè dá ẹjọ́ ikú lójú kọ̀ǹpútà, ó ṣòro láti sọ fún ọmọ Ayétòrò pé a kò lè kọ́ ọ ní òfin àdéhùn lójú rẹ̀. Kí ẹ̀kọ́ wà lórí ayélujára, kí ìdánwò àti ìfidánrawò wà lójúkojú: ètò bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, àwọn tí ó ní àṣẹ ni yóò sì jókòó ṣe é. Títí tí wọn yóò fi ṣe é, ọmọ etíkun gbọ́dọ̀ fi ohun tí òfin wí lónìí ṣe ìpinnu, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí òfin wí.

Ìṣirò owó náà sì wà. Ọ̀pọ̀ ibi ní agbègbè gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó ni iná ìjọba dákẹ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí yóò kàwé lórí ayélujára níbẹ̀ yóò ra epo sí jẹnẹrétọ̀, yóò ra dátà, yóò sì máa wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ ṣí, Law School kì í ṣe ti orí fóònù. Owó ilé ẹ̀kọ́, owó aṣọ dúdú àti owó ibùgbé ń dúró níwájú.

Bí kò bá dé báà ńkọ́?

Ṣé dìgírì tí kò gbé ènìyàn dé Law School wá di asán ni? Rárá. Iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ ohun tí ẹni náà fẹ́ fi ṣe. Ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, oníròyìn, ẹni tí ó ń ṣe ìlàjà láàárín ìlú àti ilé iṣẹ́ epo, gbogbo wọn ni ìmọ̀ òfin lè gbé ga. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n pe ara wọn ní agbẹjọ́rò tàbí kí wọ́n gba owó láti gbèjà ẹnikẹ́ni nílé ẹjọ́.

Ìlàjẹ mọ iyì irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1998, àwọn ọmọ Ìlàjẹ lọ fẹ̀hónú hàn níbi iṣẹ́ epo Parabe ti Chevron láàárín òkun. Àwọn ológun dé, ìbọn dún, ẹ̀mí méjì sì bọ́. Ní ọdún 1999, wọ́n gbé ẹjọ́ náà, tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Bowoto, lọ sí ilé ẹjọ́ ní California. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2008, ìgbìmọ̀ aráàlú tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà ní San Francisco dá Chevron láre. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́yà ni yóò sọ̀rọ̀ níkẹyìn, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ ni yóò fi sọ ọ́: ta ni ó wà níbẹ̀, aago mélòó ni, kí ni wọ́n sọ, àwòrán dà? Ẹni tí ó mọ òfin láàárín ìlú ni yóò mọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n tọ́jú ní ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Bákan náà ni òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìjọba láti béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ etíkun, kò sì pọn dandan kí ó sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún wọn láti fèsì, àfi bí ìdí bá wà láti fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Kò béèrè pé kí ẹni tí ó kọ̀wé jẹ́ lọ́yà. Ọmọ Ayétòrò tí ó mọ èyí, tí ó sì mọ bí a ti ń kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, ti wúlò fún ìlú rẹ̀ kí ó tó wọ aṣọ dúdú.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá tí ẹ ó dáwó fún wọn, ẹ jókòó papọ̀ kí ẹ sì dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí.

Ìkínní: ibo ni ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́? Bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà, òfin Nàìjíríà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ìkejì: ṣé Council of Legal Education gba dìgírì fásitì náà, ní irú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà kà á gan-an? Ẹ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà fúnra yín, kí ẹ sì gba èsì tí ó wà lórí ìwé. Ẹnu ẹni tí ó ń ta ẹ̀kọ́ kò tó ẹ̀rí.

Ìkẹta: bí fásitì náà bá wà ní òkèèrè, ẹ rántí pé ẹni tí ó ka òfin ní òkè òkun yóò kọ́kọ́ ṣe Bar Part I ní Law School wa kí ó tó bọ́ sí Bar Part II. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì ilẹ̀ náà rárá.

Ìkẹrin: bí wọ́n bá sọ pé "àṣẹ ń bọ̀ lọ́nà", ẹ dúró kí ó dé. Àwọn ọmọ NOUN dúró fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti san owó tán.

Ìkarùn-ún: bí ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ kò bá ṣí láéláé, ṣé ẹ ó ṣì fẹ́ ìmọ̀ náà ní iye owó yẹn? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tẹ̀síwájú láìbẹ̀rù. Bí ó bá jẹ́ rárá, ẹ wá ọ̀nà Àkùngbá tàbí fásitì mìíràn tí ìgbìmọ̀ náà ti fọwọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jìnnà.

Ní ayé àpò kan, kò sí ọmọ Ayétòrò kan tí ó dá ra ọkọ̀. Ìlú ni ó jọ rà á. Bóyá ohun tí ó yẹ kí ìdílé etíkun tún gbìyànjú nìyẹn: kí ọmọ mẹ́wàá má ṣe dá owó jọ fún dìgírì mẹ́wàá tí kò dájú, kí ìdílé pa owó pọ̀ rán ọmọ kan tàbí méjì lọ sí ibi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, kí àwọn yòókù sì kọ́ ìmọ̀ òfin tí wọ́n lè fi ṣọ́ ìlú láti ilé. Lẹ́tà sí Council of Legal Education kò ju owó ìfìwéránṣẹ́ lọ. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ ná.